Báwo ni orin Mdou Moctar ṣe ti inú fóònù bọ́ sórí rẹ́kọ́ọ̀dù?

Rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kó sínú kọ̀ǹpútà. Òdìkejì ló ṣẹlẹ̀ sí orin Mdou Moctar, ọmọ Tuareg láti Niger tó ń ta gìtá rọ́ọ̀kì olóhùn líle.

Wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ ló fi ṣe okùn gìtá àkọ́kọ́ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn. Ní 2008, ó lọ sí Sókótó ní Nàìjíríà láti gba orin Anar sílẹ̀. Bluetooth àti mẹ́mórì káàdì ló gbé orin náà káàkiri Sàhárà. Ẹni tó wà ní Banifandou, ní Niamey, lè gbà á lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ láìsan kọ́bọ̀.

Orí fóònù báyìí náà ni Christopher Kirkley, ará Amẹ́ríkà tó dá Sahel Sounds sílẹ̀, ti ń kó orin jọ. Nígbà tó yá, Sahel Sounds tẹ Anar sórí rẹ́kọ́ọ̀dù.

Ṣé rẹ́kọ́ọ̀dù wá ń mú ohùn dára sí i ni? Rárá o. Kí fáìlì MP3 lè kéré, wọ́n máa ń yọ lára ohùn tí etí kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́. Bí wọ́n bá fi irú fáìlì bẹ́ẹ̀ tẹ àwo, abẹ́rẹ́ kò lè dá ohun tí wọ́n ti yọ padà.

Àmọ́ bí fóònù bá kó sómi, tí káàdì bàjẹ́, orin lè lọ pátápátá. Bluetooth kì í sì í sanwó fún olórin. Rẹ́kọ́ọ̀dù tó bá tà lè mú owó wọlé fún un.