Páálí Pupa

Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, mo san 200 níbi tó yẹ kí n ti gba 50. Kì í ṣe owó o, máàkì ni. Àmọ́ ó dùn mí ju owó lọ.

Káàdì bíríìjì ni mo ń sọ. Èèyàn mẹ́rin ló ń ta á, méjì sí méjì, káàdì 13 lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Gbàǹjo ló ṣáájú: ẹgbẹ́ tó bá ṣèlérí tó ga jù ló máa yan irú káàdì tí yóò jẹ́ aláṣẹ lórí ìyókù. Ìgbà 13 la máa kó káàdì nílẹ̀. 6 àkọ́kọ́ ò sí nínú ìlérí, torí náà ẹni tó bá ní "háàtì mẹ́ta" ń sọ pé àwọn á kó 9. A kì í fẹnu sọ ọ́ ṣá. Páálí kéékèèké la ń fà yọ nínú àpótí.

Màmá tí a jọ ń ta, tí wọ́n ti lé ní ẹni 80 ọdún, fa háàtì kan. Alátakò fa ṣípéèdì kan. Háàtì mẹ́rin wà lọ́wọ́ tèmi, ọba wà nínú wọn, mo fa háàtì méjì. Wọ́n fa ṣípéèdì méjì. Màmá fa páálí ewé, ìyẹn "mo dákẹ́". Èmi fa mẹ́ta. Àwọn náà fa mẹ́ta. Màmá tún dákẹ́. Àfi bí ìgbà tí ẹlòmíì fẹ́ gba aṣọ tí mo ti ń ná lọ́jà Balógun mọ́ mi lọ́wọ́, ni mo bá fa mẹ́rin.

Ọkùnrin tó wà lápá òsì mi fa páálí pupa: ó ní a ò lè kó o, ìtanràn sì di ńlá. 9 péré la kó.

Màmá ń po tíì wọn. Wọ́n ní ọ̀gbẹ́ni Faransé kan, Jean-René Vernes, ti kọ òfin kan sílẹ̀ lórí irú gbàǹjo yìí láti 1966. Larry Cohen, ará Amẹ́ríkà, wá fi ìwé tirẹ̀ tàn án kálẹ̀ ní 1992. Ka káàdì aláṣẹ tiyín, ka tàwọn alátakò, pa wọ́n pọ̀: ìgbà tí ẹgbẹ́ méjèèjì lè kó kì í sábà jìnnà sí i. Háàtì tiwa jẹ́ 9, ṣípéèdì wọn 8. Ìyẹn ni pé háàtì mẹ́ta ni òpin wa, ṣípéèdì mẹ́ta sì ti wúwo jù fún wọn. (Mike Lawrence àti Anders Wirgren kọ odindi ìwé ní 2004 láti ta ko òfin náà. Ìjà àwọn ọ̀gá nìyẹn.)

"Kí ló wà lọ́wọ́ rẹ ní ṣípéèdì?" Ayaba àti Jáàkì ni. Màmá mi orí. Méjèèjì ò wúlò fún háàtì wa rárá, ẹ̀gún ni wọ́n lọ́nà ọ̀fun ẹni tó fẹ́ fi ṣípéèdì ṣe aláṣẹ. "O ti sọ tẹnu rẹ tán nígbà tó o fa mẹ́ta. Ta lo wá ń fa mẹ́rin fún?"

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ṣípéèdì mẹ́ta tún dé bá háàtì mẹ́ta wa. Màmá ń wo òrùlé, torí òfin ò gbà kí wọ́n fi ojú tàbí ikọ́ bá mi sọ̀rọ̀. Mo jókòó lé ọwọ́ ọ̀tún mi, mo fi òsì fa páálí ewé.