Ìjọba Kékeré nínú Káńtì Ńlá: Èrò John Moorlach lórí Ìnáwó, Ìdàgbàsókè àti Àtúnṣe Ìjọba ní Orange County

1.0 Ìfáàrà

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú bébà yìí ni láti ṣàlàyé èrò olóṣèlú kan, John Moorlach, tí ó du ipò akápò Orange County ní ìpínlẹ̀ California ní ọdún 1994. Ó fìdí rẹmi nínú ìbò náà, ṣùgbọ́n ohun tí ó sọ ṣẹ kí ọdún náà tó parí. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ lórí ọ̀ràn yìí ni wọ́n mú un bí ìtàn ọkùnrin kan tí ó fi owó ìlú ta tẹ́tẹ́. Èrò tiwa yàtọ̀ díẹ̀. Lójú tiwa, ìbéèrè tí ó ṣòro jù ni èyí: kí ni ó dé tí àwọn olùdìbò tí ìlànà wọn bá ti Moorlach mu, tí wọ́n kórìíra owó orí, tí wọ́n sì fẹ́ kí ìjọba máa ṣọ́ owó ná, fi kọ etí dídi sí i, tí wọ́n tún dá ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú kejì padà sípò? Ìdáhùn tí a ó gbé kalẹ̀ ni pé ìlànà náà gan-an ni ó sọ wọ́n di ẹni tí kò lè ṣe aláìgba irú owó tí Moorlach ń kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n sá fún.

Ọ̀rọ̀ méjì wà tí ó yẹ kí a là yéra. Èkíní ni káńtì. Káńtì ni ẹ̀ka ìjọba tí ó wà láàárín ìpínlẹ̀ àti ìlú. Kì í ṣe ohun kan náà gẹ́lẹ́ pẹ̀lú ìjọba ìbílẹ̀ tiwa, nítorí pé ìlú púpọ̀ tí ó ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀ lè wà nínú káńtì kan. Ní Orange County, wọ́n lé ní 30. Ọwọ́ káńtì ni ọ̀ràn ẹ̀wọ̀n, ìlera àwọn tálákà, ètò ìdìbò àti ilẹ̀ tí kò sí lábẹ́ ìlú kankan wà. Alábòójútó márùn-ún tí a dìbò yàn ni ó ń darí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn olùdìbò ni wọ́n ń yan akápò pẹ̀lú. Nítorí náà, àwọn alábòójútó kọ́ ni wọ́n gbà á síṣẹ́, wọn kò sì lè lé e. Kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà ti wá.

Ọ̀rọ̀ kejì ni kọnsáfétífù. Ẹni tí ó gbà pé owó orí gbọ́dọ̀ kéré, pé ìjọba kò gbọdọ̀ gba iṣẹ́ tí aládàáni lè ṣe, àti pé ẹ̀tọ́ ẹni tí ó ni ilẹ̀ ṣáájú ìfẹ́ ìjọba, ni a ń pè bẹ́ẹ̀ níhìn-ín. Nínú gbogbo California, kò wọ́pọ̀ kí ènìyàn rí ibi tí irú èrò yìí ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó Orange County ní àkókò tí a ń sọ yìí.

2.0 Bí káńtì ṣe dàgbà, àti ohun tí Àbá 13 ṣe sí i

Ní ọdún 1950, nǹkan bí 216,000 ènìyàn ni ó ń gbé ní Orange County, oko ọsàn sì gba ilẹ̀ púpọ̀ níbẹ̀. Ní ọdún 1990, wọ́n ti di mílíọ̀nù 2.4. Láàárín ogójì ọdún, iye wọn ti di ìlọ́po mọ́kànlá. Àwọn ènìyàn tí ó pọ̀ tó báyìí yóò fẹ́ ọ̀nà, ilé-ìwé, ilé-ìwòsàn, ọlọ́pàá, àti ibi tí omi ìdọ̀tí yóò gbà jáde. Owó sì ni gbogbo rẹ̀.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún 1978, àwọn olùdìbò California fọwọ́ sí Àbá 13, èyí tí Howard Jarvis àti Paul Gann gbé kalẹ̀. Ó sọ pé owó orí ilé àti ilẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ìjọba dá lé ohun ìní náà lọ. Ó dá iye náà padà sí ti ọdún 1975, ó sì ní kò gbọdọ̀ fi ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè lọ́dún, àfi bí ilé náà bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ó tún ní kí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin fọwọ́ sí i kí ìpínlẹ̀ tó lè fi kún owó orí. Lẹ́ẹ̀kan náà ni owó orí ilé tí ń wọlé fún káńtì, ìlú àti ilé-ìwé fi ju ìdajì lọ dín kù. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí láti òkèèrè lè rò pé ahun ni àwọn olùdìbò náà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Owó ilé ń gòkè kíákíá nígbà náà, arúgbó tí ó ti san owó ilé rẹ̀ tán sì lè rí i pé owó orí fẹ́ lé òun jáde kúrò nínú rẹ̀. Ìbẹ̀rù wọn ní ìdí.

Ṣùgbọ́n ohun tí Àbá 13 ṣe sí ìdàgbàsókè jinlẹ̀ ju bí àwọn tí wọ́n dìbò fún un ti rò lọ. Ilé titun bẹ̀rẹ̀ sí í mú iṣẹ́ wá fún káńtì ju bí ó ti ń mú owó wá lọ. Àwọn ìlú wá ń lépa ṣọ́ọ̀bù àti ibi ìtakọ̀ ju ilé gbígbé lọ, nítorí pé ìpín tiwọn wà nínú owó orí ọjà. Òfin kan tí ìpínlẹ̀ ṣe ní ọdún 1982 fàyè gbà á kí àwọn tí ń ra ilé titun máa san owó orí àkànṣe fún ọ̀nà àti ilé-ìwé àdúgbò wọn. Nípa bẹ́ẹ̀, aládùúgbò méjì lè máa gbé nínú irú ilé kan náà, kí èyí tí ó dé lẹ́yìn sì máa san ìlọ́po ohun tí èyí tí ó ti wà níbẹ̀ ń san. Ọ̀nà ọkọ̀ ńláńlá náà di èyí tí a ń fi bọ́ńdì kọ́, tí awakọ̀ sì ń sanwó kí ó tó gbà á kọjá.

Àwọn kọnsáfétífù fúnra wọn kò fohùn ṣọ̀kan lórí ìdàgbàsókè yìí. Àwọn kan sọ pé ẹni tí ó ni ilẹ̀ ni ó ni ẹ̀tọ́ láti kọ́ ohun tí ó bá wù ú. Àwọn mìíràn, tí wọ́n ti ra ilé tiwọn ná, kò fẹ́ kí ẹlòmíràn wá dí ọ̀nà mọ́ wọn. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1988, a gbé àbá kan wá síwájú àwọn olùdìbò pé kí ilé titun dúró bí ọ̀nà kò bá tíì tó. Wọ́n kọ̀ ọ́. Ọ̀ràn ibùdó ọmọ ogun ní El Toro tún fa irú ìyapa bẹ́ẹ̀: ní ọdún 1994, ìbò gbè é lẹ́yìn pé kí ó di pápákọ̀ òfurufú, ní ọdún 2002, ìbò mìíràn sọ pé kí ó di ọgbà ìgbafẹ́. Ẹgbẹ́ Republican ni ó pọ̀ jù ní ìhà méjèèjì.

3.0 Àpò tí Robert Citron ń bójú tó

Akápò káńtì, Robert Citron, jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Democrat, ó sì ti lé ní ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ náà. Bí a bá fẹ́ mọ irú iṣẹ́ tí ó ń ṣe, kí a ro ti alájọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 200, àti ìlú, àti ilé-ìwé, àti àwọn tí ń bójú tó omi, ni wọ́n kó owó tí wọn kò tíì ná fún un. Òfin ni ó fi dandan lé e fún àwọn ilé-ìwé; àwọn ìlú fi ẹsẹ̀ ara wọn wá ni. Ìyàtọ̀ tí ó wà ni pé alájọ tiwa a máa dá owó padà bí a ti fi lé e lọ́wọ́, a sì máa mú owó iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n èlé ni àwọn wọ̀nyí ń retí.

Owó tí ó wà nínú àpò náà tó dọ́là bílíọ̀nù 7.5. Citron fi owó yìí ra ìwé ẹ̀tọ́ owó, ó fi ìwé náà dógò láti yá owó, ó fi owó tí ó yá ra ìwé mìíràn, ó tún fi ìyẹn náà dógò, títí tí ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fi lé ní dọ́là bílíọ̀nù 20. Nínú àwọn ìwé wọ̀nyí ni irú èyí tí èlé rẹ̀ máa ń pọ̀ nígbà tí èlé ọjà bá ń lọ sílẹ̀ wà. Ní ṣókí, bí èlé ọjà bá rọlẹ̀, èrè yóò di púpọ̀. Bí ó bá gòkè, òfò yóò di ìlọ́po. Láti ọdún 1991 dé 1993, èlé rọlẹ̀, àpò náà sì ń mú èrè wá ju ti ìpínlẹ̀ lọ.

Àkókò tí èrè yìí ń wọlé gan-an ni ìpínlẹ̀ California ń gba lára owó orí ilé tí ó jẹ́ ti àwọn káńtì, ní ọdún 1992 àti 1993, láti fi gbọ́ bùkátà ilé-ìwé. Káńtì tí kò lè fi kún owó orí, tí ìpínlẹ̀ tún ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀, rí akápò kan tí ó ń mú owó wá láìsí pé ẹnikẹ́ni san kọ́bọ̀ sí i. Kì í ṣe àwọn alábòójútó nìkan ni inú wọn dùn. Àwọn ilé-ìwé kan tilẹ̀ lọ yá owó kí wọ́n lè rí èyí fi sínú àpò náà.

4.0 Ìkìlọ̀ Moorlach

Oníṣirò owó ni Moorlach, ọmọ ẹgbẹ́ Republican. Ìbéèrè tí ó gbé wá síwájú àwọn olùdìbò ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1994 kò ṣòro: báwo ni owó ìlú ṣe lè máa mú èrè wá tó bẹ́ẹ̀ bí kò bá sí ewu nínú rẹ̀? Ó sọ pé Citron ti fi gbogbo àpò náà ta tẹ́tẹ́ lórí pé èlé kò ní gòkè. Bẹ́ẹ̀, ilé-ìfowópamọ́ àgbà Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èlé sókè láti oṣù Kejì ọdún náà. Moorlach ní òfò tí ó ti wà nílẹ̀ ju dọ́là bílíọ̀nù kan lọ, bí a kò tilẹ̀ tíì kọ ọ́ sínú ìwé kankan.

Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ìbò lásán ni, pé ẹni tí ó fẹ́ ipò ni yóò máa sọ bẹ́ẹ̀. Òtítọ́ dé ọjà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké. Ní oṣù Kẹfà, Citron wọlé.

Kì í ṣe pé àwọn olùdìbò kò gbọ́n. Ohun tí Moorlach ń bèèrè lọ́wọ́ wọn, bí a bá tú u wò dáadáa, ni pé kí wọ́n gba owó tí ó kéré sí i. Bí èrè bá sì kéré, ohun méjì péré ni ó kù: kí a fi kún owó orí, tàbí kí a dín iṣẹ́ kù nínú káńtì tí àwọn ènìyàn ṣì ń rọ́ wọ̀. Ìlànà kọnsáfétífù kò fẹ́ èkíní, àwọn ará káńtì kò sì fẹ́ èkejì. Citron ni ó jẹ́ kí wọ́n bọ́ lọ́wọ́ yíyàn yìí fún ọdún díẹ̀. Nítorí náà, a kò lè gbà pẹ̀lú àwọn tí wọ́n ń fi ìtàn yìí ṣe ẹ̀rí pé ìlànà ìjọba kékeré ni ó jàre. Ìṣirò owó ni ó jàre.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá ọdún 1994, Orange County lọ sí ilé-ẹjọ́ láti kéde pé òun ti wọko gbèsè. Citron ti fi ipò sílẹ̀ ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Òfò náà tó dọ́là bílíọ̀nù 1.64. Kò tíì sí káńtì tàbí ìlú kan ní Amẹ́ríkà tí wíwọko gbèsè rẹ̀ tóbi tó báyìí nígbà náà. Ẹ̀rí tí a gbà nígbà ìwádìí fi hàn pé Citron a máa bi awòràwọ̀ àti aríran léèrè bí èlé yóò ti rí. Kí a má fi èyí rẹ́rìn-ín jù: àwọn oníṣòwò owó tí wọ́n ń ta ìwé wọ̀nyí fún un kì í ṣe awòràwọ̀, síbẹ̀ wọ́n tà á.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò lé lórí. Merton Miller ti Yunifásítì Chicago sọ pé kò yẹ kí káńtì náà sáré lọ sí ilé-ẹjọ́, pé bí wọ́n bá ní sùúrù, èlé yóò rọlẹ̀, òfò yóò sì dín kù. Lóòótọ́, èlé rọlẹ̀ ní ọdún 1995. Àmọ́ ẹni tí ó sọ èyí ń fẹ́ kí a fi owó ilé-ìwé ta tẹ́tẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan sí i ni. Lójú tiwa, ohun tí àpò ìlú wà fún kọ́ nìyẹn, ì báà jẹ́ pé wọn ì bá jẹ.

5.0 Àtúnṣe tí ó tẹ̀ lé e

Ní oṣù Kẹta ọdún 1995, àwọn alábòójútó fi Moorlach sípò akápò. Ní oṣù Kẹfà, a bi àwọn olùdìbò bóyá wọ́n gbà kí a fi ìdajì sẹ́ńtì kún owó orí ọjà láti fi san gbèsè. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ káńtì ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, a sì mú lára owó tí a yà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì láti fi dí ihò náà. Kò ṣòro láti mọ ẹni tí ń wọ bọ́ọ̀sì ní ibi tí ẹni tí ó bá lówó ti ní ọkọ̀ tirẹ̀. Nítorí náà, àwọn tí wọ́n jẹ èrè kọ́ ni wọ́n san púpọ̀ nínú òfò náà. Ìpínlẹ̀ ṣe òfin tí ó dín ohun tí akápò lè fi owó ìlú rà kù. Àbá mìíràn ní oṣù Kẹta ọdún 1996, tí ì bá yí ètò ìjọba káńtì padà, kò rí ìbò tó.

Moorlach di alábòójútó lẹ́yìn ìbò ọdún 2006, ọ̀ràn owó ìfẹ̀yìntì ni ó sì gbájú mọ́. Ní ọdún 2001, ìgbìmọ̀ alábòójútó ti fi kún owó ìfẹ̀yìntì àwọn ọlọ́pàá káńtì, kódà fún ọdún tí wọ́n ti sìn kọjá. Ìgbìmọ̀ tí ó ṣe èyí kì í ṣe ti àwọn tí ń fẹ́ ìjọba ńlá. Wọ́n ṣe é nítorí pé kò sí ẹni tí yóò sanwó rẹ̀ lọ́jọ́ náà, gẹ́gẹ́ bí kò ti sí ẹni tí ó sanwó èrè Citron. Ojú tí Moorlach fi wo ìlérí yìí ni ojú tí ó fi wo àpò Citron: gbèsè ni, bí a kò tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ bí gbèsè. Ó mú kí káńtì pe ẹjọ́, wọ́n sì pàdánù rẹ̀ ní ọdún 2011. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kọkànlá ọdún 2008, àwọn olùdìbò ti fọwọ́ sí àbá rẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ fi kún owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ káńtì mọ́ láìjẹ́ pé àwọn fúnra wọn dìbò sí i.

Ibi tí èrò rẹ̀ kù sí ni ibi tí owó yóò ti wá. Ó mọ bí a ti í kìlọ̀ pé owó kan léwu, pé ìlérí kan wúwo; ṣùgbọ́n fún káńtì tí ń dàgbà, tí òfin sì ti di ọwọ́ rẹ̀ lórí owó orí, kíkọ̀ nìkan kò lè kọ́ ọ̀nà. A rò pé ohun tí ó ṣe pàtàkì jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó fẹ́ kí ẹni tí yóò sanwó wà níbẹ̀ nígbà tí a bá ń ṣe ìpinnu. Èyí kì í ṣe ti ẹgbẹ́ òṣèlú kankan.

Ní ọdún 2017 ni Orange County tó san èyí tí ó gbẹ̀yìn nínú owó tí ó yá láti fi jáde kúrò nínú gbèsè ọdún 1994. Títí di òní, àwọn olùdìbò ni wọ́n ṣì ń yan akápò rẹ̀.