Àlùfáà Tó Kọrin Sínú Àwo

Ẹni tó bá ń bá wọn gba ẹrù jáde ní wọ́ọ̀fù Àpápá bíi tèmi yóò mọ ìdúró. Tirela a tò sí Creek Road títí ilẹ̀ á fi ṣú, awakọ̀ á sì yí rédíò sókè. Orin ìyìn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Èmi tó ń kọ tẹ́nọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa l'Ájégúnlẹ̀ a máa bi àwọn ọ̀dọ́ pé ta ló kọ́kọ́ la ọ̀nà yìí. Wọ́n á ní Tope Alabi, wọ́n á ní Bọ́lá Àrẹ.

Ẹ lọ sẹ́yìn sí i. Josiah Jesse Ransome-Kuti ni mò ń wí, ọmọ Ẹ̀gbá tí wọ́n bí ní 1855, tó di àlùfáà Áńgílíkà ní 1897. Bàbá bàbá Fẹlá olórin lásán ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ọ́n sí.

Láyé ìgbà náà, orin tí wọ́n túmọ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì ni ìjọ ń kọ, ohùn òyìnbó ló sì gbé e. Ohùn yẹn a máa bá èdè wa jà: ó lè gbé ohun tó yẹ kó wálẹ̀ sókè, kí ọkọ̀ ojú omi di ọkọ́ àgbẹ̀ lẹ́nu akọrin. Kútì gba ọ̀nà orin ìbílẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá wà ni ohùn ń tẹ̀ lé e lọ. Ẹni tí kò mọ̀wé lè gbè é lójú ẹsẹ̀. Lójú tèmi, iṣẹ́ yẹn ju ìwàásù lọ, kí bíṣọ́ọ̀bù má bínú.

Ó ti ń sún mọ́ àádọ́rin ọdún nígbà tó dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1922, tó kọ orin 43 sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Mo ń gbọ́ díẹ̀ nínú wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwo ń ha, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ń yé ni.

Ilé iṣẹ́ tó ni Zonophone wà lára àwọn tó para pọ̀ di EMI ní 1931. EMI yìí ló wá ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ ní Wharf Road, l'Ápápá wa níbí, níbi tí olórin Paul McCartney ti wá ṣe àwo Band on the Run ní 1973. EMI náà ló gbé àwo Fẹlá jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Bàbá kọrin fún Jésù, ọmọ ọmọ ń fi orin na ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́gba, owó àwo méjèèjì wọ àpò kan náà!

Kútì kú ní 1930. Ẹ̀yin olórí akọrin, ẹ wá àwọn orin rẹ̀ gbọ́, kí ẹ sì fi ọ̀kan kọ́ àwọn ọmọ yín kí ìkórè tó dé.