Ta Ló Ni Ẹ̀bá Títì? Ọ̀rọ̀ Ìdọ̀tí Àdúgbò Ti Kọjá Ti Ìjọba Nìkan

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Kò sí ọ̀rọ̀ tí òwe yìí bá mu tó ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí tí à ń dà sójú títì, sínú gọ́tà àti sétí odò. Ẹni tó gbé ilẹ̀ jáde lóru kì í dà á síwájú ilé tirẹ̀. Iwájú ilé ẹlòmíràn ló ń lọ, tàbí ibi tó rò pé kò ní olówó. Ṣùgbọ́n bí òjò bá dé, omi kì í béèrè pé ta ló da ilẹ̀ dí ọ̀nà òun kó tó yà wọlé.

Ẹ wo Ìlọrin yìí. Odò Àsà ló la ìlú já, ọ̀pọ̀ odò kéékèèké àti gọ́tà àdúgbò ló sì ń ṣàn lọ bá a. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí ẹnì kan jù sílẹ̀ lẹ́yìn tó mumi tán, ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò, àwo oúnjẹ alájẹsọnù, gbogbo rẹ̀ ni àgbàrá ń kó wọ gọ́tà, tí gọ́tà sì ń kó wọ odò. Ibi tó bá ti há ni wọ́n máa ń kó jọ sí, abẹ́ afárá ni wọ́n sì sábà máa ń há sí. Bí omi kò bá rí abẹ́ afárá gbà, orí rẹ̀ ni yóò gbà, ilé tó bá sì wà nítòsí ló ń kọ́kọ́ wọ̀.

Àwọn ará Ìbàdàn mọ ohun tí à ń sọ. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980 ni odò Ògùnpa kún àkúnya, ó gbé ènìyàn, ó gbé ilé, ó gbé mọ́tò. Àwọn tó kọ́lé sí ọ̀nà odò àti àwọn tó sọ odò di ààtàn jọ dá kún un. Nígbà tó di ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, omíyalé tún dé sí Ìbàdàn kan náà, àwọn tó kú lé ní 100. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà láàárín méjèèjì. Òjò kì í ṣe ẹjọ́ wa, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí òjò yóò gbà lọ, ọwọ́ wa ló wà.

Omi nìkan kọ́ ló sì ń ti ibẹ̀ wá. Gọ́tà tó dí ni ẹ̀fọn ń yé sí, ẹ̀fọn ló sì ń gbé ibà kiri. Ibi tí ìdọ̀tí àti ìgbẹ́ bá ti ń ṣàn wọ kànga ni àrùn onígbáméjì ń gbà wọlé. Ní ọdún 2021, àwọn tí àrùn yìí pa ní orílẹ̀-èdè wa lé ní 3,500. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju gọ́rọ́bà ìdọ̀tí kankan síta rí.

Àwọn kan yóò sọ pé báyìí náà ni Yorùbá ti ń ṣe látijọ́. Rárá o. Yorùbá ní ààtàn, ṣùgbọ́n ààtàn ní ibi tó wà. Ẹ̀yìn ilé ni, kò sí lójú ọ̀nà, kò sí létí odò tí à ń pọn mu. Gbogbo agbo ilé ló mọ̀ ọ́n, wọ́n sì mọ ẹni tó ń dalẹ̀ síbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń dà síbẹ̀ nígbà náà ni eérú, èèpo iṣu, ewé ẹ̀kọ àti ewé mọ́ínmọ́ín. Kò pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ fi ń jẹrà di ilẹ̀dú, tí àwọn àgbẹ̀ ń bù lọ sóko. Ọ̀rá kì í jẹrà bẹ́ẹ̀. Èyí tí a sọ nù lónìí lè wà nínú ilẹ̀ títí ọmọ ọmọ wa yóò fi dàgbà. Ìwà ààtàn ṣì wà lọ́wọ́ wa, àmọ́ a ti sọ òfin ààtàn nù.

Ìjọba náà ti gbìyànjú. Láyé àwọn òyìnbó, wolé-wolé ń yẹ ìkòkò omi wò nítorí tanwíjí, jìnnìjìnnì a sì máa bá onílé tí wọ́n bá bá ìdọ̀tí nílé rẹ̀. Ní ọdún 1984, ìjọba ológun Buhari àti Ìdíàgbọn, tó jẹ́ ọmọ Ìlọrin níbí, gbé ètò WAI kalẹ̀, ìyẹn ogun tí wọ́n gbé ti ìwà àìníjàánu. Ìmọ́tótó àyíká bọ́ sínú ètò náà ní ọdún 1985. Ibẹ̀ ni Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù ti gbajúmọ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í jáde títí di aago mẹ́wàá àárọ̀. Ìlú mọ́ díẹ̀ lóòótọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òdodo. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti sọ àárọ̀ ọjọ́ náà di ọjọ́ oorun, tí àwọn ọmọ sì sọ títì di pápá bọ́ọ̀lù. Àwọn tó kó ẹrẹ̀ jáde nínú gọ́tà a gbé e sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà náà, yóò wà níbẹ̀ títí òjò yóò fi gbá a padà síbi tó ti wá. Ẹ̀rù ọlọ́pàá ló mú wa jókòó sílé, kì í ṣe ìfẹ́ àdúgbò. Nígbà tí ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó sọ ní ọdún 2015 pé kò sí òfin tó ní kí wọ́n há aráàlú mọ́lé nítorí ìmọ́tótó, ìjọba Èkó fagi lé ìséde náà ní oṣù Kọkànlá ọdún 2016. Ohun tí ẹ̀rù bá gbé ró, bí ẹ̀rù bá ti lọ, ó ṣubú nìyẹn.

Ní ilẹ̀ Rùwáńdà, Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù náà ni wọ́n ń ṣe tiwọn. Umuganda ni wọ́n ń pè é. Dandan ni níbẹ̀ pẹ̀lú, òfin sì wà fún ẹni tó bá kọ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n máa ń jáde síta ni, kí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní àdúgbò. Bí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á jókòó, wọ́n á jíròrò lórí ohun tó ń dun àdúgbò. Àwa ní kí olúkúlùkù wọlé, àwọn ní kí olúkúlùkù jáde. Àwọn tó jọ gbálẹ̀, tí wọ́n sì jọ sọ̀rọ̀, kì í ṣòro fún wọn láti mọ ẹni tó ń ba iṣẹ́ wọn jẹ́.

Kò sì dìgbà tí a bá dé Rùwáńdà. Ní ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn, láwọn ọdún 1990, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn, ìjọba àti àwọn ará ọjà fọwọ́ sowọ́ pọ̀ láti sọ ilẹ̀ ọjà àti ìgbẹ́ màlúù di ajílẹ̀. Ní Èkó, láti ọdún 2012 ni ilé iṣẹ́ Wecyclers ti ń gba ike, agolo àti ọ̀rá lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò, tí wọ́n sì ń fún wọn ní ẹ̀bùn dípò rẹ̀. Ohun tí à ń pè ní ilẹ̀, owó ni lójú ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò fẹ́ràn láti sọ. Ọ̀pọ̀ ilé ló máa ń sanwó fún ọlọ́mọlanke kó bá wọn gbé ilẹ̀ lọ, tí wọn kì í béèrè ibi tó ń gbé e lọ. Bí ó bá dòru, ó dà á sódò, tàbí sórí ilẹ̀ tí ẹnì kan kò tí ì kọ́lé sí, lẹ́bàá ilé ìwé. Bí ilé bá mọ̀ bẹ́ẹ̀ tó sì dákẹ́, òun náà ló dà á. Ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé. Owó táṣẹ́rẹ́ tí a san yẹn kò rà wá lọ́wọ́ ẹ̀bi.

Kí wá ni ṣíṣe? Ohun tí ẹgbẹ́ onílé, àwọn ayálégbé, ìyálọ́jà àti àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò kan lè ṣe kò le. Àkọ́kọ́, kí wọ́n jọ yan ibì kan tí ilẹ̀ yóò máa kó jọ sí kí mọ́tò akólẹ̀ tó dé, kí ó jìnnà sí gọ́tà àti kànga. Pátákó tó ní ká má da ilẹ̀ síbí kò wúlò bí a kò bá sọ ibi tí ká dà á sí. Èkejì, kí wọ́n mọ ọlọ́mọlanke tí wọ́n ń gbé iṣẹ́ fún, kí wọ́n mọ orúkọ rẹ̀, kí wọ́n sì tẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan dé ibi tó ń dà á sí. Ẹ̀kẹta, kí ẹrẹ̀ tí wọ́n bá kó jáde nínú gọ́tà kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n ya ike àti ọ̀rá sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń rà á. Bí wọ́n bá sì mú ẹni tó ń dalẹ̀ lóru, kí wọ́n pè é sí ìpàdé, kó kó o padà lójú gbogbo ayé. Kí ẹnikẹ́ni má lù ú, kí ẹnikẹ́ni má sì gba owó ẹ̀yìn lọ́wọ́ rẹ̀. Ìtìjú á ṣiṣẹ́ tí kòbókò kò lè ṣe.

Èyí kò ní kí ìjọba sùn o. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 kọ ọ́ sílẹ̀ kedere pé kíkó ilẹ̀ àti ìdọ̀tí dànù wà lára iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ̀tọ́ wa ni láti béèrè mọ́tò akólẹ̀ àti ibi ìdalẹ̀ tó bójú mu. Ṣùgbọ́n àdúgbò tó ti ṣètò ara rẹ̀, tó kó ilẹ̀ rẹ̀ jọ sójú kan, tó sì rán àwọn àgbà méjì mẹ́ta lọ bá alága, ohùn rẹ̀ á dún ju ti ẹni tó ń jókòó sílé bú ìjọba lọ.

Ẹ̀yin ará, ẹ̀bá títì kì í ṣe ilẹ̀ tí kò ní olówó. Àwọn tó ń gba ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ ló ni ín, àwọn ọmọ tó ń gba ibẹ̀ lọ sílé ìwé ló ni ín, àwa tí omi yóò ya wọ ilé wa ló ni ín. Òjò tó ń bọ̀ kò ní dúró dè wá. Kí ó tó dé, ẹ jẹ́ ká lọ wo gọ́tà tó wà níwájú ilé wa, ká sì kan ilẹ̀kùn aládùúgbò wa. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà.