Irin Ìpọ́nbẹ: Yíyàn Rẹ̀ àti Lílò Rẹ̀

Àwọn àgbà ní bí ó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò lè pọ́n ara rẹ̀. Láti Bẹẹrẹ títí dé Ọjà'ba lẹ́sẹ̀ òkè Mápó, kò sí ìdí ààrò tí ọ̀bẹ kì í ti í ṣiṣẹ́: ẹran ń bẹ láti gé, ẹ̀fọ́ ń bẹ láti rẹ́, iṣu ń bẹ láti bẹ. Ọ̀bẹ tí ó kúnu ni ó sì léwu jù, nítorí pé agbára ni a fi ń tì í. Bí ó bá yọ̀ lára pọ̀ǹmọ́, ọwọ́ tí ó di pọ̀ǹmọ́ mú ni ó ń bá.

Ọ̀nà méjì ni ọ̀bẹ ń gbà kúnu. Ẹnu rẹ̀ tí ó tín-ín-rín lè wọ́, kí ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, láìjẹ́ pé ó ti jẹ. Ó sì lè jẹ tán pátápátá. Ti àkọ́kọ́ ni irin ìpọ́nbẹ tí alápatà kì í fi í jìnnà sí pátákó ẹran rẹ̀ wà fún: ó ń na ẹnu tí ó wọ́. Òkúta ni ó wà fún èkejì, nítorí òun ni ó ń ha irin dànù kí ẹnu tuntun tó yọ. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ yìí lè fa ọ̀bẹ tí ẹnu rẹ̀ ti jẹ lórí irin títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kò ní í mú. Ẹlòmíràn a sì máa gbé ọ̀bẹ tí ó kàn wọ́ lásán lọ fún ẹlẹ́rọ ìpọ́nbẹ lóṣooṣù, títí ọ̀bẹ olówó ńlá yóò fi tán sí i lọ́wọ́.

Nínú yíyàn, líle ni ohun àkọ́kọ́. Irin náà gbọ́dọ̀ le ju ọ̀bẹ lọ. Lórí òṣùwọ̀n Rockwell tí a fi ń wọn líle irin, ọ̀bẹ ilé ìdáná tí kì í dípẹtà, irú èyí tí Harry Brearley ṣe àwárí irin rẹ̀ ní Sheffield ní ọdún 1913, sábà máa ń wà láàárín 54 sí 58. Irin ìpọ́nbẹ rere a máa kọjá 60. Kò sí òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ lórí àtẹ ní Bẹyẹrúnkà, ṣùgbọ́n fáìlì wà. Bí a bá fi etí fáìlì tuntun fa ìdí irin náà tí ó ń yọ̀ tí kò jẹ ẹ́, irin gidi ni. Bí ó bá jẹ ẹ́ wọlé, kí olùrà dá a padà, bí ẹni tí ń tà á tilẹ̀ fajú ro.

Ọ̀pá irin kọnkéré kò yẹ fún iṣẹ́ yìí rárá. Ó rọ̀, gíńgín ara rẹ̀ yóò sì ya ẹnu ọ̀bẹ. Alágbẹ̀dẹ tí ó mọṣẹ́ lè fi sípíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù rọ èyí tí ó dára, bí ó bá rì í bọ òróró nígbà tí ó pọ́n yòò. Láìsí ìrìbọ yẹn, kò ní í le. Kí ara rẹ̀ dán, tàbí kí ilà rẹ̀ kéré débi pé èékánná kò ní í há sí i. Kí ó sì gùn ju ọ̀bẹ lọ.

Nínú lílò, kí a fi ṣóńṣó irin tẹ aṣọ lórí tábìlì, kí ó dúró ṣánṣán. Kí a gbé ọ̀bẹ dábùú rẹ̀, kí a dín àlàfo náà kù sí ìdajì, kí a tún dín in kù sí ìdajì: ìwọ̀n tí ó tọ́ nìyẹn. Kí a wá fa ọ̀bẹ wálẹ̀ láti ìdí dé ṣóńṣó, ẹ̀ẹ̀kan lápá ọ̀tún, ẹ̀ẹ̀kan lápá òsì, ní ìgbà márùn-ún tàbí mẹ́fà. Kí ọwọ́ fúyẹ́. Fífà wàràwàrà tí alápatà ń fà á, ojú oníbàárà ni ó ń ṣe é fún. Ọ̀bẹ Jàpáánù tí ó le púpọ̀ kò gbọdọ̀ kan irin onílà, nítorí ẹnu rẹ̀ yóò ké. Òkúta ni tirẹ̀.

Kí a fi omi ṣan ọ̀bẹ kí ó tó kan àlùbọ́sà, kí a nu irin náà gbẹ, kí a sì fi í kọ́ ìṣó, nítorí irin tí ó le tó bẹ́ẹ̀ a máa dá bí ó bá já lu sìmẹ́ńtì.