Àṣìṣe inú fíìmù àtijọ́, àti ohun tí wọ́n fi Ìyálóde oníṣòwò ṣe

[Ohùn mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ yìí. A tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí dátà yín kò gbé ohùn, àti ẹ̀yin tí ariwo jẹnẹrétọ̀ kì í jẹ́ kí ẹ gbọ́ nǹkan ní ṣọ́ọ̀bù.]

Ohùn kìíní

Àríyànjiyàn ọjọ́ Sátidé ló bí ọ̀rọ̀ tòní. Ẹnìkan ní àwọn tó ń ṣe fíìmù Yorùbá kì í fara balẹ̀, pé gèlè obìnrin kan pupa nígbà tó ń wọlé, ó di aláwọ̀ ewé nígbà tó jókòó. Ẹ mọ̀ pé kí n tó kó wá sí Abuja, kásẹ́ẹ̀tì fídíò ni mò ń yá àwọn èèyàn ní Ìbàdàn, ọdún méje gbáko. Ojú mi ti rí gèlè o.

Àwọn òyìnbó náà ń ṣe é. Ṣé ẹ rántí Commando, ti Arnold Schwarzenegger, tó jáde ní 1985? Ẹ rántí mọ́tò Porsche oníyẹ́lò yẹn? Nígbà tí wọ́n ń lé ara wọn, ẹ̀gbẹ́ mọ́tò yẹn fọ́ yángá. Kò pẹ́, Arnold taari rẹ̀ dìde, ó wọnú rẹ̀, ó ń wà á lọ, ara mọ́tò ń dán bíi tokunbọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ láti Kútọnu. Òmíràn tún wà nínú North by Northwest, fíìmù Alfred Hitchcock ti 1959. Obìnrin kan fẹ́ yìnbọn nínú ilé oúnjẹ. Ọmọkùnrin kan tó jókòó lẹ́yìn ti fi ìka dí etí kí ìbọn tó dún! Wọ́n ti dán ibẹ̀ wò tó, ọmọ náà ti mọ ìgbà tí ariwo ń bọ̀.

Ìdí rẹ̀ ni pé wọn kì í ya fíìmù bí a ṣe ń wò ó. Tí ilé olówó kan bá wà nínú ìtàn, tí wọ́n sì háyà ilé yẹn fún ọjọ́ méjì, gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ọjọ́ méjì yẹn ni wọ́n máa yà á. Ìkọ̀sílẹ̀ lè ṣáájú ìgbéyàwó. Obìnrin tó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn níta, Abẹ́òkúta ni wọ́n ti lè yà á. Pálọ̀ tó wọ̀, kó jẹ́ Ìbàdàn ni, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà. Lójú tiwa, ẹsẹ̀ kan ló gbé. Tí ìró tó ró lọ́jọ́ àkọ́kọ́ bá wà lọ́dọ̀ alágbàfọ̀ lọ́jọ́ kejì, ọ̀ràn dé nìyẹn. Aṣọ ara wọn ni ọ̀pọ̀ òṣèré wa máa ń wọ̀ nígbà yẹn, ẹ má gbàgbé.

Àwọn tó lówó máa ń ní ẹnìkan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó jókòó ti kámẹ́rà pẹ̀lú ìwé àti bírò: ọwọ́ wo ló fi mú ife, omi inú ife dé ibo, bọ́tìnì mélòó ló ṣí. Ìwé yẹn ni wọ́n máa yẹ̀ wò kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n bá ń gé fíìmù, tí ibi tí ẹkún òṣèré ti wọni lára jù bá jẹ́ ibi tí gèlè ti yí padà, ẹkún yẹn ni wọ́n máa mú. Èmi náà á mú ẹkún.

Ní ayé àwọn Ògúndé, Adé Love àti Bàbá Sàlá, ó tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún 1976 ni Àjàní Ògún jáde, róòlù fíìmù gidi ni, kì í ṣe fídíò. Róòlù 16mm tó gùn ní 400 ẹsẹ̀ bàtà, bí ìṣẹ́jú 11 péré ló máa gbà. Òkè òkun ni wọ́n ń gbé e lọ fọ̀. Kó tó padà dé kí wọ́n tó rí i pé nǹkan kan ò gún, ẹgbẹ́ òṣèré ti gba ọ̀nà ìlú mìíràn lọ ṣeré. Ta ló máa pè wọ́n padà, owó wo ló sì fẹ́ fi ra róòlù mìíràn? Bàbá Sàlá ṣe Ọ̀run Móoru ní 1982, àwọn olè jí i dà sínú kásẹ́ẹ̀tì, gbèsè rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká fi gèlè sílẹ̀.

Ohùn kejì

Àṣìṣe tó kan àwa gan-an ni ti ọjà. Gbogbo ohun tí à ń tà ló ní ọjọ́ ìbí. Ẹni tó bá mọ ọjà á mọ ibi tí fíìmù ti purọ́.

Ẹ mú owó. Ọjọ́ 1, oṣù kìíní, ọdún 1973 ni náírà bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ṣáájú ìgbà yẹn, pọ́ùn, ṣílè àti kọ́bọ̀ àtijọ́ là ń ná. Pọ́ùn kan di náírà méjì. Tí fíìmù bá ní ọdún òmìnira, 1960, ni ìtàn òun ṣẹlẹ̀, tí ẹnìkan wá ń bèèrè náírà, ẹ ti mú un. Tí ẹ bá sì tún lọ sẹ́yìn dé ayé owó ẹyọ, ẹ wo àpò. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000 ẹyọ, ẹrù odindi ọkùnrin kan ni. Nígbà tí ìjòyè inú fíìmù bá wá fa àpò kékeré bíi ti àpò ìyọ̀ yọ lábẹ́ agbádá, tó jù ú sílẹ̀, tó ní “ọ̀kẹ́ mẹ́wàá rèé”, ẹ bá mi bi í pé àwọn aláàárù mẹ́wàá dà?

Ẹ tún mú oúnjẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta gàrí àti àgbàdo, ẹ gbọ́ o: láti Amẹ́ríkà ni àgbàdo, ẹ̀gẹ́, tòmátì àti ata ti wá. Lẹ́yìn 1492, tí Columbus dé ọ̀hún, ni ọkọ̀ òyìnbó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn wá sí etí òkun wa. Gàrí gan-an, ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló tó gbilẹ̀ láàárín wa, àwọn Àgùdà tó dé láti Bràsíìlì wà lára àwọn tó jẹ́ kó tàn. Ṣàngó sì ti jọba, ó ti lọ, kí gbogbo ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, bí àwọn òpìtàn ṣe tò ó. Iṣu àti ọkà bàbà ni kí ẹ fún Aláàfin jẹ. Tí ẹ bá ní fíìmù Ṣàngó kankan nílé, ẹ wo abọ́ tó wà níwájú ọba, kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún wa níbí.

Aṣọ ńkọ́? Àwọn Dutch ló ń ṣe àfarawé aṣọ Java tó wá di áńkárá, ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló sì tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ẹni tó bá fi áńkárá sára obìnrin ọjà Ìbàdàn ayé ogun Kírìjì tàbí ṣáájú rẹ̀, ó ti yára jù. Sányán, àlàárì, ẹtù, kíjìpá, àwọn wọ̀nyí ni kó wá.

Ẹ má rò pé àwọn ọ̀mọ̀wé kì í ṣì í. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú eré Death and the King's Horseman, Wọlé Ṣóyínká kọ ọ́ pé 1946 ni ọ̀ràn Olókùn Ẹsin ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́, pé òun tì í sẹ́yìn kó lè bọ́ sí àkókò ogun Hitler. Bẹ́ẹ̀, oṣù kìíní ọdún 1945 ló ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn tí Aláàfin Ládìgbòlù wàjà ní oṣù Kejìlá 1944. Ogun náà ò tíì parí. Ohun tó fẹ́ fi ọgbọ́n ṣe ti ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀! Inú mi máa ń dùn sí èyí ju gbogbo wọn lọ.

Àṣìṣe sì ṣeé tún ṣe. Onímọ̀ ìràwọ̀ kan, Neil deGrasse Tyson, sọ fún James Cameron pé ìràwọ̀ tó wà lójú ọ̀run nínú Titanic kì í ṣe ìràwọ̀ alẹ́ ọjọ́ yẹn. Nígbà tí fíìmù náà tún jáde ní 2012, Cameron ti pààrọ̀ rẹ̀.

Ohùn kẹta

Ibi tí ó dùn mí nìyí. Ọmọ mi obìnrin, Abuja ni a bí i sí, kò ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ tó ti dé Ìbàdàn. Fíìmù ni ìwé ìtàn rẹ̀. Lẹ́yìn tó wo Ẹfúnṣetán Aníwúrà tán, ó ní, “Dádì, ṣé tí obìnrin bá ti lówó lọ́jà báyìí, ó máa ń ya ìkà ni?” Ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀ tó ń ka owó ọjà.

Akinwumi Ìṣọ̀lá ló kọ eré yẹn. Ẹgbẹ́ Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá ṣe é ní pápá ìṣeré kan ní Ìbàdàn ní 1981, èrò tó ju 14,000 lọ ló wò ó, wọ́n sì tún fi ṣe fíìmù. Eré tó dára gan-an ni, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Nínú eré yẹn, Ìyálóde ń pa ẹrú tó bá lóyún, Látòósà kó ogun wá bá a, ó bá gbé májèlé jẹ.

Ìwé ìtàn Samuel Johnson sọ ọ́ lọ́nà mìíràn. Oníṣòwò ńlá ni Ẹfúnṣetán, ọmọ Ẹ̀gbá tó wá ṣe é ní Ìbàdàn. Ó ní oko, ó ní ẹrú rẹpẹtẹ, ó sì ń ta ohun ìjà láwìn fún àwọn olórí ogun. Bẹ́ẹ̀ ni, awìn! Ẹ̀yin tí ìwé gbèsè yín ti kún, ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí kú sórí ìkúnlẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì bàjẹ́. Nígbà tó yá, ó fọwọ́ rọ́ awìn sẹ́yìn. Ní 1874, Ààrẹ Látòósà ka ẹ̀sùn mẹ́ta sí i lẹ́sẹ̀: kò bá òun lọ sógun, kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí òun lójú ogun, kò sì wá pàdé òun ní ẹ̀yìn odi nígbà tí òun ń bọ̀. Ẹ tún un kà. Kò sí oyún níbẹ̀, kò sí ẹrú níbẹ̀. Ó san owó ìtanràn, wọ́n ṣì gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n wá fún Kúmúyìlọ̀, ọmọ tó gbà tọ́, ní rìbá, ẹrú méjì sì gba àjà wọlé bá a lóru, wọ́n pa á. Kò gbé májèlé kankan jẹ.

Mi ò sọ pé ẹni mímọ́ ni o. Ó kó ẹrú, ìyẹn nìkan tó ẹ̀ṣẹ̀, ìtàn sì sọ pé ọwọ́ rẹ̀ le sí wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó wo fíìmù yóò rò pé ìkà ló pa á. Ẹni tó ka ìwé á rí obìnrin tí àwọn tó jẹ ẹ́ lówó wà lára àwọn tó dá a lẹ́jọ́. Bí mo ṣe sọ ọ́ fún ọmọ mi nìyẹn, a sì jọ tún fíìmù náà wò, tí mò ń dá a dúró níbi tó bá yẹ. Ìbéèrè tó wá bi mí lẹ́yìn náà ni pé, ta wá ló san gbèsè yẹn fún àwọn ará ilé rẹ̀?

Ẹni tó bá ń lọ sí Ìbàdàn fún ọdún, ère Ìyálóde wà ní Challenge. Ẹ bá wa ya fọ́tò rẹ̀ wá.