ÌPAKODÒ SÍ Ẹ̀PẸ́ LÓJÚ OMI: ẸNI TÓ BÁ DÁ WA ỌKỌ̀, KÍ Ó SO OKÙN MỌ́WỌ́!

Ẹ gbọ́ ná, ẹ̀yin ìyálọ́jà àti ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́: ta ni kò tíì jókòó sínú mọ́tò rí ní Máìlì Twelve, tí oòrùn ń yan án bí àgbàdo, tí tòmátì inú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì ń rà lójú rẹ̀? Lóòótọ́, ní oṣù kọkànlá ọdún 2015 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣí ọ̀nà bọ́ọ̀sì BRT láti Máìlì Twelve dé Ìkòròdú, ọ̀pọ̀ èèyàn sì mí kanlẹ̀. Síbẹ̀, gó-síló kò kú. Ìdí nìyí tí ojú èèyàn fi ń yí sí omi ní èbúté Ìpakodò.

Ọkọ̀ tó ń kó èrò lọ sí Èkó ni ọ̀pọ̀ mọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrìn àjò kan tún wà tí wọn kì í sọ púpọ̀: kí ẹnì kan ṣoṣo gbé ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì rẹ̀ láàárọ̀ kùtù, kó kọjú sí ìlà-oòrùn, kó dé Ẹ̀pẹ́, kó sì padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìrìn náà dùn. Ìrìn náà sì lè pani. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti dùn.

OHUN TÍ OJÚ Ń RÍ

Bí ọkọ̀ bá ti kúrò ní Ìpakodò, ọ̀sà ló tẹ́ lọ rẹrẹ níwájú yẹn. Omi náà fẹ̀, ṣùgbọ́n kò jìn tó bí ojú ṣe ń wò ó. Ibi púpọ̀ wà níbẹ̀ tí ọ̀pá ọkọ̀ ń kan ilẹ̀. Àwọn tó ń wa yanrìn á máa kọjá nínú ọkọ̀ onígbòkun wọn, àwọn apẹja á ti ri igi mọ́lẹ̀ káàkiri. Lẹ́yìn Bàyékù ni Ìjẹ̀dé. Níbẹ̀ ni ilé iṣẹ́ iná mànàmáná Ẹgbin dúró sí létí omi, èyí tí wọ́n ṣí ní 1985. Ẹ́ńjìnnì ńláńlá mẹ́fà ni wọ́n gbé síbẹ̀, wọ́n sì ṣe é kó lè mú mẹ́gáwáàtì 1,320 jáde. Iná tí ẹ̀yin aránṣọ àti wẹ́dà ń retí, ibẹ̀ ni púpọ̀ rẹ̀ ti ń wá.

Ọkọ̀ á kọjá Àgbówà, á dé Ẹ̀jìnrìn. Ẹni tó bá rí Ẹ̀jìnrìn lónìí lè má mọ̀ pé ọjà ńlá ni láyé àtijọ́. Àwọn ará Èkó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó aṣọ àti iyọ̀ wá, àwọn Ìjẹ̀bú ń gbé epo àti oúnjẹ sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, wọ́n á sì pàdé létí omi. Nígbà tí títì àti mọ́tò dé, ọjà náà tú díẹ̀díẹ̀. Ìkòròdú náà mọ iyì omi. Nítorí ọ̀nà òwò yìí ni àwọn Ẹ̀gbá fi dó ti ìlú náà, tí Gómìnà Glover fi rán ọmọ ogun láti Èkó ní oṣù kẹta ọdún 1865, tí wọ́n sì lé wọn lọ.

Ní Ẹ̀pẹ́, ìtàn mìíràn ló ń dúró de àlejò. Ní 1851, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ńlá lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó, orí omi yìí náà ló gbà dé Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀. Títí dòní ni àwọn Èkó-Ẹ̀pẹ́ fi ń ṣe ọdún Káyòkáyò láti rántí rẹ̀. Ọjà ẹja Olúwo kò sì jìnnà. Ẹni tó bá débẹ̀ tí kò ra ẹja, inú ìyàwó ilé kò ní dùn o.

IBI TÍ Ọ̀RỌ̀ TI Ń LE

Àgbà ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹni tó dá wa ọkọ̀, ọwọ́ kan ṣoṣo ló ní. Ẹ wò ó bí ó ti ń ṣẹlẹ̀: ọkùnrin dìde dúró láti wo iwájú, tàbí kó fẹ́ tọ̀ sí omi. Ìgbì kan gbá ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ṣubú. Ẹ́ńjìnnì kò mọ̀ pé olówó òun ti jábọ́, ó ń sáré lọ ní tirẹ̀. Bó tilẹ̀ mọ̀wẹ̀ bí ẹja, ta ni yóò lúwẹ̀ẹ́ bá Yamaha tó ń sáré? Òmùwẹ̀ ló kúkú ń bómi lọ.

Oògùn rẹ̀ kò wọ́n. Àwọn tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì fi okùn kékeré kan sí i lára. Wọ́n ní kí awakọ̀ so ó mọ́ ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀. Bó bá jábọ́, okùn á fà yọ, ẹ́ńjìnnì á kú lójú ẹsẹ̀, ọkọ̀ á sì dúró dè é. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo ọ̀pọ̀ ọkọ̀: wọ́n á ti fi okùn náà kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí kí wọ́n fi wáyà dè é pa, kó má baà dí wọn lọ́wọ́. Ṣé kì í ṣe pé ẹni náà ń fi wáyà di ẹ̀mí ara rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ epo náà nìyí. Ẹ́ńjìnnì 40 tó bá ń sáré tagbáratagbára lè mu nǹkan bíi lítà 15 ní wákàtí kan. Ọgbọ́n àwọn atukọ̀ káàkiri ayé ni pé kí a pín epo sí mẹ́ta: ìdá kan fún àlọ, ìdá kan fún àbọ̀, ìdá kan fún ohun tí a kò mọ̀. Ẹni tó bá fi ìdá mẹ́ta yẹn sáré fààjì, orí omi ni yóò sùn.

Omi náà ní ìdọ̀tí tirẹ̀. Náílọ́ọ̀nù píọ̀ wọ́tà máa ń lọ́ mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Ewéko olódòdó tó bo ojú omi, láti ọ̀nà Bẹ̀nẹ̀ ló ti wọ Badagry ní 1984. Ó máa ń pọ̀ nígbà òjò, tí omi bá sì ní iyọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á kú. Bó bá dí ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa omi tó ń tù ú, ẹ́ńjìnnì á gbóná títí á fi kọṣẹ́. Nítorí náà, kí awakọ̀ máa bojú wẹ̀yìn wo omi tínrín tó ń tọ̀ jáde lára ẹ́ńjìnnì. Bí kò bá rí i mọ́, kó pa á kíá. Gẹdú tó já kúrò lára èyí tí wọ́n ń fà lórí omi náà wà níbẹ̀. Ìdajì rẹ̀ ló ń léfòó, ojú kì í tètè rí i.

Àti ìjì! Láàárín oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, àti oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, ìlà-oòrùn ni ìjì líle ti ń jáde. Bí ọ̀run bá dúdú lápá ibẹ̀, kí èèyàn sá lọ sí èbúté tó bá sún mọ́ ọn. Lẹ́yìn ọ̀sán, atẹ́gùn òkun náà á máa fẹ́ láti gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn, ojú ẹni tó ń ti Ẹ̀pẹ́ bọ̀ gan-an ló sì ń fẹ́ sí. Ẹni tó bá fi ọ̀sán jẹun pẹ́ ní Ẹ̀pẹ́, ìgbì ni yóò fi jẹ oúnjẹ alẹ́.

TA LÓ MỌ̀ PÉ O LỌ?

Ìjọba kò dákẹ́. Ìjọba Jákàńdè dá iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1983. Ìjọba àpapọ̀ dá NIWA sílẹ̀ ní 1997, Èkó dá LASWA sílẹ̀ ní 2008. Wọ́n ní kí gbogbo èrò wọ láìfù-jákẹ́ẹ̀tì, kí ọkọ̀ èrò má sì rìn lóru. Ṣùgbọ́n òfin kò lè bá èèyàn jókòó sínú ọkọ̀ kékeré ní agbedeméjì ọ̀sà.

Ohun tó lè bá a jókòó ni ẹni tó fi sílẹ̀ ní èbúté. Kó tó tan ẹ́ńjìnnì, kó sọ fún ẹnì kan ní Ìpakodò pé: "Ẹ̀pẹ́ ni mò ń lọ o, bí ẹ kò bá rí mi nígbà tí aago márùn-ún bá lù, ẹ wá mi wá." Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, kò ná an ní kọ́bọ̀. Kó wọ jákẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe kó fi í ṣe tìmùtìmù. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń wọ ọkọ̀ wọn náà, ẹ má ṣe tijú: bí awakọ̀ kò bá so okùn mọ́wọ́, ẹ ní kó so ó. Ẹrù lè ṣòfò kí a rà á padà. Ọmọ tó ń retí ìyá rẹ̀ nílé, kò sí ọjà tí wọ́n ti ń ta ìyá fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba orí omi lọ sọ́jà, ojú ewé lẹ́tà ṣí sílẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ojú yín rí.